Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Ìgboyè?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó lórí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò lórí. Òwe yìí sọ sí mi lọ́kàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé yàrá kan náà jókòó, tí a ń jiyàn lórí fìlà onígun mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dé ní ọjọ́ ìgboyè. Ọ̀kan nínú wa ní òun kò níí lọ síbi ayẹyẹ tòun. Ó ní ìwé ẹ̀rí ni òun wá gbà, kì í ṣe fìlà. Ó ní bí òun lọ, bí òun kò lọ, orúkọ òun yóò wà nínú ìwé àwọn tí ó yege. Èkejì dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá lọ síbi ìgboyè ara rẹ̀ dà bí ọkọ ìyàwó tí ó rán àbúrò rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. A rẹ́rìn-ín, a sì jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ẹ̀rín kò sí lẹ́nu mi mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé wa ní Kẹ́mta, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó dá ìjà sílẹ̀.

Aláró ni ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Abẹ́òkúta, ẹ ó mọ̀ pé Ìtòkú àti Kẹ́mta jẹ́ ojúko àwọn aláró àti aládìrẹ ìlú wa. Inú ìkòkò aró ni owó ilé ẹ̀kọ́ àwa ọmọ ti jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, ìyá mi mú aṣọ funfun, ó fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i, ó sì rẹ ẹ́ sínú aró léraléra títí ó fi dú dáadáa. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì ni yóò wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgboyè ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò tètè dé. Ó lé ní ọdún kan kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó dá ọjọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà náà. Ó jókòó, ó ṣírò owó ọkọ̀, owó ẹ̀wù ìgboyè, àti owó oúnjẹ àlejò, ó ní òun kò lọ. Nígbà tí ó yá, ó lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọ́fíìsì bí ẹni gba lẹ́tà. Bàbá wa kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò bínú. Ó ní, "Ó dáa. Bí o bá ti parí ẹ̀kọ́, ó parí náà nìyẹn." Ó ká aṣọ náà, ó fi í sínú àpótí. Láti ọjọ́ náà, n kò rí i kí ó wọ̀ ọ́.

Ta ni ó jẹ̀bi nínú wọn? Kí n tó dájọ́, mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ̀rọ̀ léèrè, kí n sì bi ìtàn léèrè.

Ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ bi, nítorí iṣẹ́ èdè ni mo ń kọ́. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ayẹyẹ yìí, convocation, inú èdè Látìn ni ó ti wá. Con túmọ̀ sí "pọ̀" tàbí "jọ", vocare sì túmọ̀ sí "láti pè". Ìpè ni, pé kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wá. Inú gradus, èyí tí í ṣe ìṣísẹ̀ tàbí àtẹ̀gùn, ni wọ́n sì ti mú graduate jáde. Àwa Yorùbá ní tiwa ní ìpéjọ. Pé tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé tí a ń lò nígbà tí a bá ní owó pé, tàbí ọjọ́ pé. Nítorí náà, bí ẹni tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ìpéjọ náà kò tíì pé. Ẹ tún wo gboyè: gbígbà ni. Ohun tí a bá gbà, ẹnì kan ni ó fi í fún ni, ojú àwọn ẹlòmíràn ni a sì ti ń gbà á. Kò sí ẹni tí í fi ara rẹ̀ joyè ní kọ̀rọ̀ yàrá.

Òótọ́ ni pé ẹ̀wù gbọọrọ àti fìlà náà kì í ṣe tiwa. Aṣọ àwọn àlùfáà àti akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ni láyé àtijọ́, nígbà tí ẹ̀kọ́ gíga wà lábẹ́ ìjọ, tí òtútù sì ń mú nínú ilé olókùúta tí wọ́n ti ń kàwé. Ẹni tí ó bá ní kí ni oòrùn Abẹ́òkúta ní í ṣe pẹ̀lú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ ẹ̀wù náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí ọmọ kan bá kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní ìlú wa títí ọdún rẹ̀ fi pé, kì í kàn gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kí ó máa lọ. Ọ̀gá rẹ̀ yóò dá ọjọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ yóò wá, àwọn òbí ọmọ yóò wá. Ọmọ náà yóò kúnlẹ̀, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò sì fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Fírídọ̀ọ̀mù ni a ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Bí ó bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́ lọ́la, gbogbo ayé mọ ẹni tí ó ní ó ti mọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ àwọn babaláwo: ẹni tí ó kọ́ Ifá kì í jẹ́rìí ara rẹ̀, àwọn awo tí ó ṣáájú rẹ̀ ni í jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, kí òyìnbó tó dé ni a ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìparí, ọjọ́ náà sì ní ẹlẹ́rìí.

Ó kù kí a bi ìtàn léèrè. Ìbéèrè mi sí i ni pé: nígbà tí ẹ̀kọ́ ìwé dé, níbo ni àwọn ẹlẹ́rìí wa wà?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn, tí a sì tú òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlà ká. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1827, nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ níbẹ̀, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní oyè yunifásítì kankan tí ó lè fún un nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, òun àti Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ó sì ti tún fojú kan Àfàlà lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún kan náà ni Yunifásítì Oxford fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Opó Bíṣọ́ọ̀bù Weeks, òyìnbó obìnrin tí ó kọ́ Àjàyí ní a-bí-dí ní Sàró, jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àfàlà náà wà láyé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ó wà, òkun sì wà láàárín. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní ìwé rí ọjọ́ ọlá rẹ̀. Ẹni tí ó bí i, tí ó pàdánù rẹ̀, tí ó sì tún rí i, ìròyìn ni ó gbọ́. Èmi kò sọ pé ọlá Crowther dín kù nítorí èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun kan kù níbẹ̀, owó tàbí ìwé ẹ̀rí kò sì lè dí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún ìgbà pípẹ́. Ní 1876, Fourah Bay so mọ́ Yunifásítì Durham, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oyè Durham. Wo Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ẹni tí gbogbo Ẹgbà mọ̀. Nígbà tí a dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, òun ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó lọ sí Fourah Bay, ó sì gba oyè B.A. ní 1916. Ọmọ Ẹgbà ni, Sàró ni ó ti kàwé, Durham ni ó sì ni oyè tí ó gbà. Ó padà wá di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jẹ́ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì wà nípò náà láti 1932 títí di 1954. Ní 1943, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ Elliot láti wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ni wọ́n mú láti Nàìjíríà. Ó sì bá wọn jókòó títí wọ́n fi gbé àbọ̀ wọn kalẹ̀ ní 1945. Nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni yunifásítì Ìbàdàn ti jáde. Ẹni tí ó gba oyè òkèèrè ni ó bá wọn jókòó láti mú oyè súnmọ́ ilé.

Ní àárín àkókò yìí, ojú àwọn ọ̀dọ́ wa rí nǹkan. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Yábàá, tí a ṣí ní 1934, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe oyè yunifásítì, inú àwọn ènìyàn kò sì dùn sí i. Ẹni tí kò lówó láti lọ sí ìlú òyìnbó ní láti fi fìtílà kàwé nílé, kí ó sì ṣe ìdánwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe gba oyè B.Com. ní 1944, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa òfin. Kò sí gbọ̀ngàn yunifásítì kan tí ó jókòó sí kí ó tó yege. Ta ni yóò sọ pé oyè náà kì í ṣe oyè? Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Ní 1948, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n ti Yábàá wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún náà, Arthur Creech Jones, tí òun náà ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ Elliot, hú ilẹ̀ àkọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ilẹ̀ náà jẹ́ tiwa, àwọn ọmọ jẹ́ tiwa, síbẹ̀ oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà. Ọdún 1962 ni Ìbàdàn tó di yunifásítì láyè ara rẹ̀, tí Kenneth Dike sì di Gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1963 ni Abubakar Tafawa Balewa gba ipò Ṣáńsẹ́lọ̀, ẹni tí oyè ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Bí a bá ka ọdún láti 1827 tí Àjàyí wọ Fourah Bay títí di 1962, ọdún 135 ni. Ó gba ọdún 135 kí yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sọ fún ọmọ wa lójú ìyá rẹ̀ pé, "O ti yege."

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962 kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 1967 títí di 1975, Awólọ́wọ̀ ni Ṣáńsẹ́lọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tí ó gba oyè tirẹ̀ láìsí gbọ̀ngàn ni ó wá ń wọ ẹ̀wù ńlá nínú gbọ̀ngàn láti fi oyè lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Kò sọ pé nítorí pé èmi kò rí irú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa gba ìwé wọn ní ọ́fíìsì. Ní 1968, Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ́lá. Òun ni ó ti kó àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta jọ, tí ó sì ti ṣètò kí wọ́n máa kọ́ wọn ní ìwé kíkà, kí wọ́n tó jọ dìde sí owó orí tí ó ń ni wọ́n lára. Mo máa ń rò ó pé apá kan nínú ọlá náà jẹ́ ti àwọn ọlọ́jà àti aláró wọ̀nyí, bí yunifásítì kò tilẹ̀ pe orúkọ wọn. Ní 1988, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wá dé Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Òkun tí ó wà láàárín Àfàlà àti Canterbury ti gbẹ. Ọkọ̀ kan láti Kẹ́mta ni ó kù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní ìtàn dára, ṣùgbọ́n ìtàn kò san owó ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ayẹyẹ tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ẹlẹ́rìí ti di ti aláṣehàn lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn nínú wa: aṣọ ẹbí, abọ́ ìrẹsì, ayàwòrán mẹ́ta fún ọmọ kan. Ẹni tí ó bá yá owó kí ó tó lè ṣe ọjọ́ ìgboyè ti fi ọlá ra gbèsè. Ẹ ó tún ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ kì í dá ọjọ́ náà lákòókò. Òótọ́ ni èyí náà. Láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Àti pé nínú ètò àgùnbánirọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń ti lọ sin ilẹ̀ baba wọn ní ọ̀nà jíjìn kí a tó ṣe ayẹyẹ fún wọn. Ìpéjọ tí a pè lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti túká kò lè rọrùn láti pé. Ní 2020 pẹ̀lú, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé, ojú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gboyè, oyè wọn kò sì dín ní nǹkan kan.

Nítorí náà, n kò sọ pé ẹni tí kò bá lọ ti dẹ́ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìmọ̀ ni, ìdánwò ti parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti òfin ni, ìwé ẹ̀rí ti parí rẹ̀. Ohun tí ó kù, tí ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí kò lè parí, ni gbèsè tí a jẹ àwọn tí ó rán wa níṣẹ́. Àwọn òbí wa kò lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ka ìwé tí a kọ. Ọjọ́ ìgboyè nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá aláró láti Kẹ́mta, tí ó ń fún un ní àga, tí ó sì ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ibi tí mo ka ìtàn dé nìyí kí n tó mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣì í. Àìlọ rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀bi rẹ̀. Owó kò tó o, ọjọ́ sì ti pẹ́ jù. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó dá ẹjọ́ ọjọ́ náà bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Ó ṣírò gbogbo nǹkan, kò sì bi ìyá wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí ó bá ti bi í ni, bóyá ìyá wa ìbá ti sọ pé kí a má se ìrẹsì kankan, pé òun yóò jẹ ẹ̀kọ òun láti ilé lọ, kí òun ṣáà gbọ́ orúkọ náà. Bí kò bá sì ṣeé ṣe rárá láti lọ, ṣebí a lè pe ẹbí àti aládùúgbò jọ nílé wa, kí ó wọ ẹ̀wù náà, kí àwọn àgbà gbàdúrà fún un, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún aránṣọ àti káfíńtà. Fìlà lè yàtọ̀. Orí ni kò gbọdọ̀ wà láìsí ẹlẹ́rìí.

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, tèmi náà kò ní pẹ́ mọ́. Nígbà tí mo lọ sílé láìpẹ́ yìí, mo bá ìyá mi nídìí ìkòkò aró. Mo kí i, mo jókòó tì í, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta aṣọ inú àpótí yẹn o."

Kò wojú mi. Ó ń yí aṣọ tí ó wà nínú aró. Ó ní, "Ta ni ó ní mo fẹ́ tà á?" Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó ti ṣá díẹ̀ lójú ìká. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́, tètè sọ fún mi, kí n lè tún un rẹ."